Àwòrán Adú Mẹ́tàlélógójì

"Mọ́mì, ẹ wò ó dáadáa. Òun ló wà lápá òsì yẹn."

"Èwo? Ibi tó dúdú yẹn? Mo rò pé ẹ ti ń kó èédú sí pálọ̀ ni."

Mọ́mì mi bú sẹ́rìn-ín lórí fóònù. Èmi náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà dùn mí díẹ̀. Láti aago méje àárọ̀ Sátidé yẹn ni mo ti wà lórí ìkúnlẹ̀ níwájú àpótí dígí tí ẹja wà, tí mò ń ya àwòrán. Mo ti ya tó ọgọ́rin. Èyí tó dára jù nínú gbogbo rẹ̀ ni mo fi ránṣẹ́, òun náà ni wọ́n sì pè ní èédú.

"Má bínú, Bùsáyọ̀ mi," ni wọ́n wí. "Kámẹ́rà tuntun ṣì ni. Ó máa tó mọ́ ẹ lọ́wọ́."

Adú ni orúkọ ẹja náà. Àwọn tó ń ta irú rẹ̀ máa ń pè é ní ẹja wúrà, ṣùgbọ́n kò sí wúrà kankan lára tiwa. Ó dúdú láti imú dé ìrù. Ojú rẹ̀ méjèèjì yọ síta bí ojú ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ jágbe mọ́, ìrù rẹ̀ sì gùn, ó máa ń fẹ́ lẹ́lẹ́ nínú omi. Mọ́mì ló rà á nígbà tí mo ṣì wà nílé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Wọ́n fẹ́ràn rẹ̀ gan-an ni. Nígbà tí wọ́n ń lọ sí ìlú Ọba, wọ́n kọ́kọ́ gbá mi mọ́ra, lẹ́yìn náà ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ níwájú dígí tí wọ́n kí Adú pé ó dìgbà.

Ó ti di ọdún kan àti oṣù mẹ́rin tí wọ́n ti lọ. Olùkọ́ ni wọ́n tẹ́lẹ̀ ní Ìkẹjà. Níbẹ̀ báyìí, àwọn arúgbó ni wọ́n ń tọ́jú. Wọ́n ní bí ìwé ìgbélùú àwọn bá ti dára, àwọn á wá mú mi. Ìwé náà kò tíì dára. Bàbá mi sì ti kú kí n tó mọ ojú wọn. Ọ̀dọ̀ Àǹtí Bọ́sẹ̀dé, àbúrò Mọ́mì, ni mò ń gbé ní Agége, lẹ́yìn àwọn ilé iṣẹ́ ńláńlá. Bí afẹ́fẹ́ bá fẹ́ láti apá kan, òórùn bísíkíìtì tí wọ́n ń yan ló máa ń kún inú ilé. Bó bá gba apá kejì wá, òórùn rọ́bà jíjó ni. Àǹtí ń ṣiṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń ṣe ìgò oníke. Wọ́n á ti jáde kí n tó jí, ilẹ̀ á sì ti ṣú kí wọ́n tó wọlé. Wọn kì í ṣe òǹrorò rárá o. Ó kàn máa ń rẹ̀ wọ́n ni.

Ní ilé ẹ̀kọ́ ńkọ́? Àwọn ọmọ kíláàsì mi kò bá mi jà, wọn kò sì bá mi ṣeré. Nígbà tí mo fi máa dé láti Abúlé Ẹ̀gbá, níbi tí èmi àti Mọ́mì ń gbé tẹ́lẹ̀, kálukú ti ní ọ̀rẹ́ tirẹ̀. Divine tó ń jókòó tì mí máa ń yá rúlà mi, ó máa ń dá a padà, ó sì máa ń dúpẹ́. Ìyẹn ni gbogbo ọ̀rọ̀ tó wà láàárín wa láti oṣù Kẹsàn-án. Ọjọ́ mìíràn wà tí mo máa ń dé ilé tí mo máa ń kí ẹja "ẹ káàsán," torí kí n lè gbọ́ ohùn ara mi.

Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́ ibẹ̀ fún yín. Ní gbogbo Sátidé, aago mẹ́rin ọ̀sán, Mọ́mì máa ń pè mí lórí fídíò, "Adú ńkọ́?" ni wọ́n sì máa ń kọ́kọ́ wí. Nígbà àkọ́kọ́, ó máa ń bí mi nínú. Ṣé ẹja ni wọ́n bí ni? Ṣùgbọ́n mo ṣàkíyèsí nǹkan kan. Bí kò bá sí ọ̀rọ̀ ẹja, báyìí ni ìpè wa ṣe máa ń lọ: Ṣé o ti jẹun? Mo ti jẹun, Mọ́mì. Ìwé ńkọ́? Mò ń kà á. Àǹtí rẹ ńkọ́? Wọ́n wà níbi iṣẹ́. Lẹ́yìn náà a ó dákẹ́, a ó máa wo ara wa lójú fóònù, títí ẹnì kan nínú wa á fi sọ pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti fẹ́ lọ. Bí a bá ti wá bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ Adú, wákàtí kan kì í tó wa. Wọ́n á ní kí n gbé fóònù sún mọ́ ọn. Wọ́n á sọ bí wọ́n ṣe gbé e bọ̀ láti ọjà lọ́jọ́ tí wọ́n rà á. Wọ́n á rẹ́rìn-ín.

Nítorí náà, nígbà tí wọ́n fi kámẹ́rà rán ẹnì kan tó ń bọ̀ wálé, tí èmi àti Àǹtí lọ gbà á ní Allen, tí Mọ́mì sì ní kí n máa fi í ya Adú fún àwọn, mo mú iṣẹ́ náà lọ́kùn-únkúndùn. Ẹni tó bá rò pé ẹja ni mo fẹ́ràn tó bẹ́ẹ̀ kò tíì gbọ́ mi yé. Wákàtí kan yẹn ni mò ń wá.

Lọ́jọ́ Tọ́sìdeé kan tí wọ́n tètè dá wa sílẹ̀, mo gbé kámẹ́rà mi sínú báàgì ilé ìwé, mo lọ sí Computer Village, ọjà fóònù àti kọ̀ǹpútà tó wà ní Ìkẹjà. Bí mo ṣe wọ òpópónà Ọ̀tìgbà ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fà mí láṣọ. "Sísì, fóònù lẹ fẹ́ rà ni? Ẹ wá wo tuntun!" Mo ń wí pé rárá, rárá, títí mo fi dé ọ̀dọ̀ ọkùnrin kan tó ń tún kámẹ́rà ṣe. Bọ̀ọ̀dá Shuaib ni gbogbo èèyàn ń pè wọ́n. Ìsọ̀ wọn kò gbà ju ènìyàn mẹ́ta lọ, ọ̀kan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta náà sì gbọ́dọ̀ tínrín.

Wọ́n gba kámẹ́rà, wọ́n wo àwọn àwòrán mi. "Kí lèyí? Ìgbà tí wọ́n mú iná lọ lo yà á?"

"Ẹja ni, sà."

"Ẹja kẹ̀!" Wọ́n gbé ojú sókè wò mí. "Wò ó, o yan iṣẹ́. Ẹja kì í dúró. Dígí máa ń dán. Tìẹ tún wá dúdú. Ẹni tó ń ya ìgbéyàwó ń jayé ni."

Síbẹ̀, wọ́n kọ́ mi. Wọ́n ní kí n má tan fáláṣì mọ́, torí dígí ló ń da ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ padà. Kí n pa iná pálọ̀, kí n gbé iná kan sórí àpótí náà kí ìmọ́lẹ̀ lè máa ti òkè bọ̀. Kí n gbé ẹnu kámẹ́rà súnmọ́ dígí títí tí wọ́n á fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kanra. Kí n ta aṣọ funfun sẹ́yìn àpótí kí dúdú ẹja lè yọ. Wọ́n fi ibi tí mo ti lè mú kí kámẹ́rà yára ṣẹ́jú hàn mí, kí ìrù Adú má baà dà bí èéfín.

"Ó ku ẹyọ kan," ni wọ́n wí bí mo ṣe ń dìde. "Má máa lé ẹja kiri. Mú ojú kan, kó o dúró dè é. Òun fúnra ẹ̀ á wá bá ẹ."

Wọn kò gba nǹkan kan lọ́wọ́ mi. Wọ́n ní kí n mú àwòrán tó dáa wá fi han àwọn lọ́jọ́ kan.

Sátidé tó tẹ̀ lé e, mo ṣe gbogbo rẹ̀ bí wọ́n ṣe wí. Ìpéǹpéjú mi ń dun mí nígbà tí mo ṣe tán, ṣùgbọ́n nígbà tí mo wo ojú kámẹ́rà, mo rí Adú. Mo lè ka ìpẹ́ ara rẹ̀. Mo rí òrùka tínrín tó yí ẹyinjú rẹ̀ ká, tí n kò rí rí láti ọdún tí mo ti ń fún un lóúnjẹ.

"Ẹ̀n-ẹ́n! Adú mi rèé!" Mọ́mì pariwo. Wọ́n ní àwọn fẹ́ fi han màmá arúgbó tí àwọn ń tọ́jú. Wákàtí kan àtààbọ̀ la fi sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ náà. Nígbà tó kù díẹ̀ kí a dágbére, wọ́n ní, "Àmọ́, ṣé ojú mi ni, àbí omi yẹn ti pọ́n?"

Ojú wọn kọ́. Omi àdúgbò wa máa ń pọ́n díẹ̀, bí omi tí wọ́n fi ṣan irin tó ti dógùn-ún. Ojú lásán lè má rí i, ṣùgbọ́n kámẹ́rà kì í gbójú fo nǹkan. Gbogbo ìdọ̀tí wẹ́wẹ́ inú omi náà ló hàn nínú àwòrán bí eruku.

Kò sí ọmọ tó ń gbé ní Agége tí kò mọ ohun tí wọ́n ń ṣe sí omi pípọ́n. Álọ́ọ̀mù ni. Òkúta funfun yẹn tó dà bíi ṣúgà oníhóró ńlá: wọ́n á fi po omi inú ike, ìdọ̀tí á rọ̀ sísàlẹ̀, omi òkè á sì mọ́ kedere. Omi tí a fi álọ́ọ̀mù sí ni mo fi ń wẹ̀, òun ni mo fi ń fọ yunifọ́ọ̀mù. Kò ṣe mí ní nǹkan kan. Kí ló máa wá ṣe ẹja? N kò béèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ta ni ǹ bá tiẹ̀ bi? Ọjọ́ Fúráìdeé tí mo dé láti ilé ìwé, mo bu álọ́ọ̀mù kún àtẹ́lẹwọ́, mo fi ọmọrogùn rọra pò ó mọ́ omi Adú.

Nígbà tí mo jí lọ́jọ́ kejì, omi náà mọ́ débi pé ó dà bíi pé Adú ń léfòó nínú afẹ́fẹ́. Mo sáré gbé kámẹ́rà. Ẹ wá wo oríire! Ẹja tí kì í dúró fún ìṣẹ́jú kan dúró fún mi. Ó dúró gbári sí òkè omi, ó ń ṣí ẹnu, ó ń pa á dé, ìrù rẹ̀ tẹ́ lẹ́yìn rẹ̀. Mo ní, "Adú, o ti wá mọ̀ mí nìyẹn." Mo rò pé ó ti fọkàn tán mi. Mo ya àwòrán mẹ́tàlélógójì tí kò sí ẹyọ kan tó bàjẹ́ nínú wọn.

Ẹ ti mọ ohun tó ń ṣe é. Èmi nìkan ni n kò mọ̀.

Ní nǹkan bí aago méjìlá, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fì sí ẹ̀gbẹ́ kan. Mo da omi náà nù, mo já omi inú ọ̀rá sínú àpótí, ọ̀kan tẹ̀ lé òmíràn. Mo ń bẹ̀ ẹ́. Mo ń sọ pé, "Jọ̀ọ́, jọ̀ọ́, Adú, má ṣe bẹ́ẹ̀." Kí aago mẹ́ta tó lù, ó ti kú.

Nígbà tí Mọ́mì pè láago mẹ́rin, mo ń wo fóònù, n kò lè gbé e. Kí ni mo fẹ́ sọ? Pé ẹja tí wọ́n fi sílẹ̀ fún mi, èmi ni mo pa á? Ìbẹ̀rù mìíràn tún wà lábẹ́ ìyẹn, òun gan-an ló mú mi: bí kò bá sí Adú mọ́, kí ni a ó máa sọ? A ó padà sí "ṣé o ti jẹun." Lẹ́yìn náà, bóyá ìpè á di ọ̀sẹ̀ méjì méjì. Bóyá á di oṣooṣù.

Mo kọ ọ́ ránṣẹ́ pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì kò dára. Mo sì fi àwòrán kan ránṣẹ́ nínú mẹ́tàlélógójì yẹn.

"Háà, Bùsáyọ̀!" ni wọ́n fèsì. "Omi yìí mọ́ o! Ọmọ mi ti di ayàwòrán. O káre."

Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe bẹ̀rẹ̀.

Mo sin Adú sínú ìkòkò òdòdó tó wà lẹ́nu ọ̀nà. Lọ́jọ́ Sọ́ńdè, Àǹtí Bọ́sẹ̀dé dúró níwájú àpótí tó ṣófo, wọ́n mú kọ́ọ̀pù lọ́wọ́.

"Ẹja ńkọ́?"

"Ó ti kú, Àǹtí."

"O ti sọ fún Mọ́mì ẹ?"

"Rárá. Ẹ jọ̀ọ́ Àǹtí, ẹ má sọ fún wọn."

Wọ́n gbé kọ́ọ̀pù wọn sílẹ̀. "Mi ò ní bá ẹ purọ́ o. Tí wọ́n bá bi mí, màá sọ ọ́. Àmọ́ ẹnu ẹ ló yẹ kí wọ́n ti gbọ́ ọ, kì í ṣe ẹnu tèmi. Má jẹ́ kó pẹ́."

Mo ní kò ní pẹ́. Àǹtí lọ sùn. Àkókò iṣẹ́ wọn àti ti Mọ́mì kì í sábà bára mu, nítorí náà Mọ́mì kò bi wọ́n.

Sátidé kejì dé. Lọ́jọ́ náà, Mọ́mì tètè pè. Fídíò ni. Fóònù ń gbọ̀n lórí tábìlì títí ó fi dákẹ́. Wọ́n tún pè. Ó tún dákẹ́. Wọ́n pè ní ẹ̀ẹ̀kẹta. Mo fi ọwọ́ méjèèjì di etí. Lẹ́yìn náà mo kọ ọ́ pé, "Mọ́mì, ojú kámẹ́rà fóònù mi ti fọ́. A ò ní lè máa rí ara wa. Ẹ jẹ́ ká máa fi ohùn sọ̀rọ̀." Ó pẹ́ gan-an kí èsì tó dé. "Kò burú, ọmọ mi," ni wọ́n kọ.

Láti ọjọ́ yẹn, wọn kò pè mí lórí fídíò mọ́. Ẹnu tiẹ̀ yà mí pé wọn kò bá mi jiyàn. Ohùn nìkan ni a ń gbọ́, àwọn náà sì máa ń fi àwòrán ara wọn ránṣẹ́ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, nínú aṣọ iṣẹ́ búlúù, lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run pé ọ̀rọ̀ náà rọrùn tó bẹ́ẹ̀. Ẹ wo ohun tí mò ń dúpẹ́ lé lórí.

Iṣẹ́ wá di iṣẹ́. Mo máa ń gé etí àwòrán kan kúrò. Mo máa ń yí òmíràn padà kí Adú tó kọjú sí apá òsì lè kọjú sí ọ̀tún. Mo máa ń mú kí òmíràn ṣókùnkùn díẹ̀, kó lè dà bí ìrọ̀lẹ́. N kò pa ẹ̀rọ tó ń fẹ́ atẹ́gùn sínú omi, torí Mọ́mì máa ń fetí sí ìró rẹ̀ lórí fóònù. Nítorí náà, ó ń hó lọ nínú àpótí tí kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀.

"Ṣó ń jẹun dáadáa?" Mọ́mì á bi mí.

"Ó tiẹ̀ ti sanra, Mọ́mì."

"Bá mi kí i o."

"Màá bá yín kí i."

Wákàtí kan tí mò ń wá ṣì wà, n kò pàdánù rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí mo bá ti gbé fóònù sílẹ̀, ó máa ń dà bíi pé n kò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀. Ẹja tó kú ni wọ́n bá sọ̀rọ̀, ọmọ tí kò sí ló dá wọn lóhùn. N kò rí ojú ìyá mi mọ́. Mo fi ojú wọn ṣe pàṣípààrọ̀ àwòrán ẹja, èmi fúnra mi ni mo sì ná ọjà náà. Mo máa ń jókòó sórí ilẹ̀ pálọ̀, òórùn bísíkíìtì á máa wọlé, n kò ní mọ ohun tí mo fẹ́ fi ara mi ṣe.

Ó ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ Wẹ́sìdeé kan, nígbà tí wọ́n fún wa ní ìsinmi kékeré. Mo ń wo àwọn àwòrán tó kù lọ́sàn-án gangan, mo ń wá àwọn àmì tó lè tú mi fó. Mo ti mọ̀ wọ́n lámọ̀dunjú: ìṣù afẹ́fẹ́ kékeré kan tó lẹ̀ mọ́ dígí ní ìsàlẹ̀, àti ibi tí aṣọ funfun ẹ̀yìn àpótí ti wé. Àwọn méjèèjì kì í yẹ̀ láti àwòrán kan sí èkejì, torí ọjọ́ kan náà ni gbogbo wọn. Ibi tí mo ti ń gé wọn kúrò ni àwòrán tí Mọ́mì fi ránṣẹ́ ní Sátidé tó kọjá bọ́ sí mi lójú.

Kọ́ọ̀pù kan wà lórí fèrèsé lẹ́yìn wọn, ṣíbí inú rẹ̀ dà sí apá ọ̀tún. Bọ́tìnì kejì aṣọ wọn ṣí sílẹ̀. Mo ṣí ti ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú: kọ́ọ̀pù náà, ṣíbí náà, bọ́tìnì náà. Mo ṣí òmíràn. Òjìji fèrèsé wà lára ògiri ní ojú kan náà. Mo ṣí èyí tó tẹ̀ lé e. Nínú èyí, ṣíbí dà sí apá òsì, àpò àyà tó máa ń wà lápá kan aṣọ wọn sì ti lọ sí apá kejì.

Wọ́n yí i padà ni. Bí mo ṣe ń yí Adú gan-an ni.

Mo kà wọ́n. Àwòrán mẹ́fà, ọjọ́ kan ṣoṣo. Èmi bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe irú rẹ̀ nígbà tí ẹja kú. Kí ló kú lọ́dọ̀ Mọ́mì?

Mo gbé fóònù, mo tún gbé e kalẹ̀. Bí mo bá bi wọ́n, wọ́n á bi mí bí mo ṣe mọ̀, kò sì sí bí mo ṣe lè sọ ọ́ láìtú àṣírí ara mi. Mo lè dákẹ́. Sátidé á dé, wọ́n á ní "Adú ńkọ́," màá ní ó ń jẹun. Kò sẹ́ni tó máa mọ̀. Ohun tó bà mí lẹ́rù jù nìyẹn, pé kò sẹ́ni tó máa mọ̀ lọ́dọ̀ tèmi, kò sì ní sẹ́ni tó máa mọ̀ lọ́dọ̀ tiwọn.

Mo pè wọ́n lórí fídíò. Wọ́n gé e. Láìpẹ́, wọ́n fi ohùn pè mí padà.

"Bùsáyọ̀, kí ló dé? Ṣé kò sí? Àbí o ti tún fóònù ẹ ṣe?"

"Mọ́mì, Adú ti kú." Ọ̀rọ̀ náà tú jáde lẹ́nu mi wuuru. "Ó ti pé oṣù méjì. Èmi ni mo pa á, mo fi álọ́ọ̀mù sómi ẹ̀ torí àwòrán. Gbogbo èyí tí mò ń fi ránṣẹ́, ọjọ́ kan ṣoṣo ni mo yà wọ́n. Ẹ má bínú. Ẹ jọ̀ọ́, Mọ́mì, ẹ ṣí fídíò. Ẹ jẹ́ kí n rí yín."

Mo gbọ́ tí irin bẹ́ẹ̀dì dún lọ́dọ̀ wọn.

"Ọjọ́ kan ṣoṣo," ni wọ́n wá wí, pẹ̀lú ohùn kékeré. Wọ́n sì ṣí fídíò.

Kì í ṣe ibi fèrèsé yẹn ni wọ́n wà. Orí bẹ́ẹ̀dì ni wọ́n jókòó sí, nínú yàrá kóńkó kan. Ojú wọn ti rù. Irun wọn kò rí kóòmù. Wọ́n ti fi nǹkan funfun líle di apá ọ̀tún wọn láti ọrùn ọwọ́ dé èjìká.

"Mọ́mì! Kí ló ṣe yín?"

"Mo ṣubú níbi iṣẹ́ ni. Mò ń gbé màmá àgbà yẹn dìde, ilẹ̀ ń yọ̀. Ó ti ń san, má sunkún."

"Nígbà wo?"

Wọ́n fi ọwọ́ òsì tún ìrọ̀rí ẹ̀yìn wọn ṣe. Mo tún bi wọ́n.

"Ọ̀sẹ̀ méje," ni wọ́n wí. "Sátidé ni. Mo pè ẹ́ láti ọsibítù lọ́jọ́ náà, ṣó o rántí? Mi ò ní nǹkan kan tí mo fẹ́ sọ o. Mo kàn fẹ́ rí ojú ẹ kí wọ́n tó to egungun yẹn, torí ẹ̀rù ń bà mí. O wá ní kámẹ́rà fóònù ẹ ti fọ́. Mo ní, bóyá ó tiẹ̀ dáa bẹ́ẹ̀. Kò ní rí mi báyìí, kò ní dá nìkan máa bẹ̀rù níbẹ̀. Ẹnì kan ti yà mí lọ́pọ̀lọpọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé lọ́sẹ̀ tó ṣáájú. Ni mo bá ń fìyẹn ránṣẹ́."

"Kámẹ́rà fóònù mi ò fọ́, Mọ́mì."

"Mo ti mọ̀ báyìí."

Wọn kò jágbe mọ́ mi. Ǹ bá fẹ́ kí wọ́n jágbe mọ́ mi.

"Ta ló ń bá yín se oúnjẹ?" ni mo bi wọ́n.

"Búrẹ́dì ò gba iná." Wọ́n fẹ́ rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà kò jáde. Wọ́n fi ọwọ́ òsì nu ojú. "Bùsáyọ̀, ṣé ìwọ rò pé tìtorí ẹja ni mo ṣe ń pè?"

Mo yíjú wo àpótí tó ṣófo.

"Tí mo bá ti orí ọ̀rọ̀ tìẹ bẹ̀rẹ̀, ẹkún ni màá sun, ìwọ náà á sun ún. Mo máa ń bẹ̀rẹ̀ látorí ẹja kí ohùn mi lè dúró. Kámẹ́rà yẹn, mo rò pé ìwọ náà á ya ara ẹ sí i. Mo ń retí ẹ̀. O ò fi ẹyọ kan ránṣẹ́."

Àwa méjèèjì sunkún lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn, a kò sì purọ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Nígbà tí Àǹtí Bọ́sẹ̀dé dé tí wọ́n gbọ́, wọ́n jókòó sílẹ̀ pẹ̀lú báàgì léjìká. Wọ́n pe ìyá kan nínú ìjọ wọn tí ọmọ rẹ̀ obìnrin wà ní ìlú tí Mọ́mì wà. Kí ọjọ́ méjì tó pé, Mọ́mì ti ní ẹni tó ń gbé ọbẹ̀ wá fún wọn, tó ń bá wọn di irun. Ọ̀sẹ̀ méje gbáko ni ẹni yẹn ti wà nítòsí. Kò sẹ́ni tó mọ̀ pé ó yẹ kí a pè é.

Ohun tí mo kọ́ rèé, ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi ni mo sì ń sọ ọ́ fún. Ẹni tó fẹ́ràn yín kò ní torí òótọ́ kọ̀ yín sílẹ̀. Bó bá tilẹ̀ bínú, yóò bínú tán. Irọ́ tí ẹ pa nítorí kó má baà lọ ni kì í jẹ́ kó rí yín nígbà tó bá ń wá yín, kì í sì í jẹ́ kí ẹ̀yin náà mọ̀ nígbà tó bá nílò yín.

Apá Mọ́mì ti san, wọ́n ti padà sẹ́nu iṣẹ́. Wọ́n ti dárí jì mí, wọ́n sọ ọ́, mo sì gbà wọ́n gbọ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀ẹ̀mẹta ni ìyá mi pè mí lọ́jọ́ tí apá wọn kán, mo sì jókòó níbẹ̀, mò ń wo fóònù.